Ìmọ̀ràn: ẹgbẹ́ filọ́sọ́fì wa ní Àgbádárìgì ń jó àjórẹ̀yìn

Ọmọ Ajara
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Nígbà tá a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, àga ò tó. Ní báyìí, èmi, akọ̀wé àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló kù. Ìwé Plato, onífilọ́sọ́fì ará Gíríìsì àtijọ́, là ń kà, orí kan fún ìpàdé kan. Kí ló ń mú irú ẹgbẹ́ báyìí dúró? Ẹ jọ̀ọ́, owó wa ò pọ̀.

Onígègé Ìkòròdú
Plato ló lé wọn. Ẹni tó ti ń bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀ látàárọ̀, tí kò wá ráyè ka orí ìwé yẹn, ojú á tì í, kò sì ní wá mọ́. Tiwa níbí, ìbéèrè kan ṣoṣo la máa ń fi sórí WhatsApp ṣáájú ìpàdé. Nígbà kan a bi ara wa bóyá ó yẹ kí ọmọ san gbèsè tí bàbá rẹ̀ jẹ kó tó kú. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní, “Tí mo bá jogún ilé ẹ̀, ta ni kó jogún gbèsè ẹ̀?” Tíṣà girama kan tó ti kọ àlàyé gùn-ún gùn-ún wá rọra ká bébà ẹ̀ sápò.

Ìyá Ẹ̀pẹ́
Ẹ dín àkàrà. Mi ò ṣàwàdà.

Onígègé Ìkòròdú
Ìyá wa, ẹ má bínú, èrò àkàrà, àkàrà ló máa ń bá lọ. Nígbà tí Marc Sautet, onífilọ́sọ́fì ará Faransé, bẹ̀rẹ̀ irú ìjókòó yìí ní Paris ní 1992, ilé kọfí ló lò, Café des Phares, láàárọ̀ Sunday. Àwọn tó wá fúnra wọn ló máa ń dábàá ohun tí wọ́n máa jíròrò. Ìyẹn ló fà wọ́n.

Bàbá Tòpó
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Àgbádárìgì, kí lẹ tún ń wá lọ sí Gíríìsì? Wọ́n kó Seriki Williams Abass lẹ́rú ní kékeré, ó dé Brazil, ó padà wálé, òun náà wá di oníṣòwò ẹrú. Ilé tí wọ́n ń kó ẹrú sí ṣì wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lọ wò. Ẹni tí wọ́n tà rí, tó wá ń ta ẹlòmíì, ṣé ẹ̀bi tirẹ̀ fúyẹ́ ni, àbí ó tún wúwo sí i? Ẹ gbé ìyẹn kalẹ̀, kẹ́ ẹ wo bóyá àga á tó. Àmọ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ kí àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ bàbá wọn ni. Ẹ má sì gbàgbé Sophie Olúwọlé, tó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, tó sì kú ní 2018. Iṣẹ́ tó ṣe ni pé ó fi Ọ̀rúnmìlà àti Socrates, olùkọ́ Plato, wéra, ó ní filọ́sọ́fì ń bẹ nínú Ifá.

Ẹ̀gùn Gidi
Èdè wo lẹ fi ń ṣe é? Àwa Ẹ̀gùn gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n tí àríyànjiyàn bá gbóná, èdè ìyá ẹni lẹnu ń sá lọ bá. Ẹ jẹ́ kí èèyàn sọ ọ́ bó ṣe wá, kí ẹlòmíì túmọ̀. Ohun kejì: tí àgbà bá gba ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ gbé e sílẹ̀, ta ló máa ní kó jókòó? Àgbà bíi tiẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún ní agogo.

Ọmọ Ajara
Ẹ ṣeun gan-an. Akọ̀wé ní òun ò fi Plato sílẹ̀, a máa dìbò. Bàbá Tòpó, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè bá wa lu agogo náà?

Bàbá Tòpó
Tí kò bá ti ní jẹ́ alẹ́.