Class 313: báwo ni rélùwéè kan ṣe ń jẹ iná oríṣi méjì?

Irin_Gbọọrọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń ṣe Class 313, rélùwéè oníná tó ń kó èrò ní Lọ́ńdọ̀nù àti agbègbè rẹ̀ tẹ́lẹ̀, sínú eré awakọ̀ rélùwéè orí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ iná rẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Láti Welwyn Garden City dé Drayton Park, wáyà òkè ló máa ń lò nígbà náà, 25,000 fólìtì AC (iná tó ń yí ọ̀nà padà léraléra). Láti ibẹ̀ wọ Moorgate, irin kẹta ni, ìyẹn irin oníná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, 750 fólìtì DC (iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo). Ṣé mọ́tò oríṣi méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀ ni? Kí sì ni awakọ̀ ń kọ́kọ́ ṣe ní Drayton Park, kí ló tẹ̀ lé e?

AdéOnímọ́tò:
Oríṣi mọ́tò kan ṣoṣo ni. Kóòṣì mẹ́ta ló so pọ̀. Mọ́tò mẹ́rin wà lábẹ́ kóòṣì iwájú, mẹ́rin lábẹ́ ti ẹ̀yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní agbára ẹṣin 110. DC ni gbogbo wọn ń jẹ.

Kóòṣì àárín kò ní mọ́tò, ṣùgbọ́n òun ló gbé pantograph (apá irin tó ń kan wáyà òkè láti gba iná) sórí, tó gbé tiransifọ́má àti rectifier sábẹ́. Iná tó bá ti òkè wọlé, tiransifọ́má á bù ú kù, rectifier á sọ ọ́ di DC, kó tó lọ bá mọ́tò. Lórí irin kẹta, iná ti jẹ́ DC látilẹ̀. Bàtà irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kóòṣì ìkángun ló ń gbà á wọlé, kò sì kan tiransifọ́má rárá. Nítorí náà, nínú eré rẹ, ibi tí iná ti ń wọlé nìkan ni kí ẹ yí padà. Ẹ má fọwọ́ kan mọ́tò.

Bàbá_Pantograph:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti Drayton Park kún un. Wáyà òkè àti irin kẹta jọ wà níbẹ̀, torí náà ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró pátápátá ní pèpéle. Tó bá ń lọ sí Moorgate, awakọ̀ á kọ́kọ́ já iná níbi circuit breaker (súìsì ńlá tó ń já iná ọkọ̀), á wá sọ pantograph kalẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò yan DC. Ẹni tó bá sọ pantograph kalẹ̀ nígbà tí mọ́tò ṣì ń fa iná, iná á bú láàárín pantograph àti wáyà, á jó kábọ́ọ̀nù orí rẹ̀, á sì ba wáyà náà jẹ́. Tó bá ń bọ̀ láti Moorgate, kó kúrò lórí DC, kó gbé pantograph sókè, kó rí i pé iná ti dé, kó tó tan breaker padà.

Àṣìṣe tó burú jù ni kéèyàn gbàgbé pantograph sókè. Wáyà á tán, síprì́ngì á gbé e ga títí yóò fi lọ gbá nǹkan lókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sínú eré yín!

Irin_Gbọọrọ:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Àwọn Class 313 tó lọ ṣiṣẹ́ ní Brighton ńkọ́? Ṣé pantograph ń ṣiṣẹ́ lórí wọn?

AdéOnímọ́tò:
Rárá o. Irin kẹta nìkan ló wà ní Brighton sí Seaford, DC ni wọ́n fi sá títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2023. Ti Moorgate ti kúrò ní 2019, rélùwéè tuntun, Class 717, ló gba ipò rẹ̀.

Tí ẹ bá ń ṣe ti Brighton, ẹ fi yìnyín sí i. Yìnyín orí irin kẹta kì í jẹ́ kí bàtà kan irin dáadáa. Iná á máa bú yẹ̀rì, ọkọ̀ á máa fà tìkọ̀tìkọ̀. Ẹ tún ṣọ́ra níbi tí irin kẹta ti já, bíi oríta ojú irin. Tí awakọ̀ bá dúró tí kò sí bàtà kankan lórí irin, kò ní lè gbéra mọ́.

Bàbá_Pantograph:
Ẹ má gbàgbé ilẹ̀kùn tó wà ní ojú ọkọ̀ gan-an, láàárín gíláàsì iwájú méjèèjì. Ihò ilẹ̀ Moorgate há débi pé èrò kò lè gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ sílẹ̀ tí ewu bá dé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà jáde. Class 717 náà ní irú rẹ̀.