Subdomain tàbí subfolder: inú èwo ni kí a kó àpilẹ̀kọ wa sí?

Ìbéèrè, láti Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta ọmọ kòkó inú ọ̀rá fún àwọn àgbẹ̀, a sì ní ìkànnì kékeré kan tí àwọn oníbàárà ti ń sanwó. Ní báyìí, a fẹ́ fi àpilẹ̀kọ nípa ìtọ́jú kòkó kún un. Ẹni tí ó bá wa ṣe ìkànnì náà ní kí a dá subdomain sílẹ̀, ìyẹn ẹ̀ka tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú ti ìkànnì wa, bí àpẹẹrẹ imoran.orukowa.com, nítorí pé Google yóò kà á sí ìkànnì kejì, àyè wa yóò sì di ìlọ́po méjì nínú èsì tí ó ń gbé jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá, pé inú subfolder ni kí ó wà, ìyẹn ẹ̀ka tí orúkọ rẹ̀ tẹ̀lé ti ìkànnì wa, bí orukowa.com/imoran. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n tẹ̀lé?

Èsì, láti Oǹdó

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ni. Ọgbọ́n àyè méjì yẹn ti di àná: ní oṣù kẹfà ọdún 2019, Google kéde pé àwọn kì yóò sábà jẹ́ kí èsì tí ó ju 2 lọ láti ìkànnì kan náà wà lára àwọn tí ó ṣáájú, wọ́n sì ní àwọn máa ń ka subdomain mọ́ ìkànnì tí ó bí i, àfi níbi tí ó bá yẹ kí wọ́n yà á sọ́tọ̀. Ẹ má wá rò pé wọ́n kórìíra subdomain o. John Mueller, òṣìṣẹ́ wọn, ti sọ ní 2017 pé ọ̀nà méjèèjì ni ó dára lójú ẹ̀rọ ìṣàwárí wọn, kí oníkànnì lo èyí tí yóò lè bójú tó fún ìgbà pípẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti gba ti ẹ̀gbọ́n yín: ènìyàn méjì péré tí ń ta ọmọ kòkó kò nílò agbo ilé, ilé kan tó wọn.

Èsì, láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ní Àkúrẹ́

Àfiwé agbo ilé yẹn bá a mu, nítorí ilé kọ̀ọ̀kan ni ó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Fáìlì robots.txt, èyí tí ń sọ ibi tí ẹ̀rọ ìṣàwárí lè wọ̀ fún un, tí ẹ bá fi sí orukowa.com kò ní àṣẹ kankan lórí imoran.orukowa.com. Nínú Search Console náà, irinṣẹ́ Google tí oníkànnì fi ń wo bí ìkànnì rẹ̀ ṣe ń ṣe nínú èsì ìṣàwárí, bí ẹ bá forúkọ àdírẹ́sì kan ṣoṣo sílẹ̀, ẹ kò ní rí ti subdomain, àfi bí ẹ bá lo ìforúkọsílẹ̀ tí ó kárí gbogbo domain, èyí tí a ń fi DNS, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí ń darí orúkọ ìkànnì, jẹ́rìí sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pinnu kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èmi kó àpilẹ̀kọ mi kúrò ní subdomain wá sí subfolder láìfi redirect 301, ìyẹn àṣẹ tí ń gbé ènìyàn láti àdírẹ́sì àtijọ́ lọ sí tuntun títí láé, darí àwọn àdírẹ́sì àtijọ́, ojú ewé tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ sì di òfìfo mọ́ wọn lójú. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n ilé ìtajà orí ayélujára tí a yá ni a ń lò, wọn kò sì fún wa láyè láti fi WordPress, ètò tí a fẹ́ fi máa gbé àpilẹ̀kọ jáde, sí inú subfolder.

Èsì, láti Oǹdó

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, subdomain yá. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ fi líǹkì so ojú ewé ọjà àti àpilẹ̀kọ mọ́ ara wọn, kí ẹni tí ó ka bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ kòkó lè bọ́ síbi tí yóò ti rà á.