ECG màmá mi dáa, àyà wọn ṣì ń lù kì-kì-kì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, àyà màmá mi máa ń ṣàdédé lù kì-kì-kì, á tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, á tún rọlẹ̀. Wọ́n ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí bébà, fún wọn, wọ́n lẹ nǹkan 10 mọ́ wọn láyà, lápá, lẹ́sẹ̀, kò pẹ́ rárá tí bébà fi jáde, dókítà ní kò síṣòro, àmọ́ àyà wọn ò tiẹ̀ lù kì-kì-kì lásìkò yẹn! Mo mọ̀ pé òkè ọkàn lápá ọ̀tún ni iná tó ń mú un lù ti ń tàn wá, bíi 60 sí 100 láàárín ìṣẹ́jú kan. Báwo ni ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ṣe fẹ́ rí ohun tó ń wá tó ń lọ? Ẹni tó bá ti gbé Holter, ẹ̀rọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lára tó ń ká bí ọkàn ṣe ń lù sílẹ̀ fún wákàtí 24, rí, ṣé ó bá a mú? Tí kò bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́, ṣé ẹ̀rọ tó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ni kí n ní kí wọ́n fún wọn? Ọkàn mi ò balẹ̀ o.