Django tàbí FastAPI: èwo ni kí n mú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Tanke, n'Ílọrin níbí, ni mo wà. Àwọn ìyá kan tó ń mọ ìkòkò ní àdúgbò Dada fẹ́ kí n kọ API (ètò tí áàpù orí fóònù máa ń gba dátà lọ́wọ́ rẹ̀) tí yóò máa ka iye ìkòkò tó wà nílẹ̀ àti owó tó wọlé, kí àwọn ọmọ wọn lè máa rí i lórí fóònù.

Python ni èdè kọ̀ǹpútà tí mo gbọ́ jù, Django àti FastAPI sì jẹ́ àkójọ irinṣẹ́ Python fún kíkọ ètò orí wẹ́ẹ̀bù. Django, tó ti wà láti 2005, ti ní ojú-ìwé alábòójútó àti ètò páswọ́ọ̀dù tirẹ̀; ìyẹn nìkan á dín iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan kù fún mi. Àmọ́ Django REST Framework ni wọ́n sábà máa ń fi kún un fún API, ohun kíkọ́ mìíràn nìyẹn. FastAPI, tó jáde ní 2018, fúyẹ́, ó ń yẹ dátà wò fúnra rẹ̀, ó sì ń kọ àlàyé API sílẹ̀ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ó wù mí gan-an! Ṣùgbọ́n ti dátábéèsì, èmi ni n ó tò ó pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lo Laravel, irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti èdè PHP, torí sáfà (kọ̀ǹpútà tí ètò náà á máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀) olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń gba PHP.

Èmi nìkan ni n ó máa tún un ṣe, mi ò sì fẹ́ já àwọn ìyá yìí kulẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èwo ló rọrùn láti tọ́jú lẹ́yìn ọdún kan?