Ìkìlọ̀ sátẹ́láìtì Fermi wo ló yẹ ká fi darí tẹlisíkóòpù kékeré?

Ẹ̀yin tó ń lépa ìbúgbàù ìtànṣán gámà, ẹ kú iṣẹ́ o. Tẹlisíkóòpù orí ilẹ̀ la fẹ́ fi wá ìmọ́lẹ̀ tó ń kù lẹ́yìn ìbúgbàù. Ibi tó ń rí lẹ́ẹ̀kan kò ju ìdajì dígírì lọ. Kọ̀ǹpútà wa ń gba ìkìlọ̀ GCN (ètò NASA tó ń pín ìròyìn irú ìbúgbàù bẹ́ẹ̀) nípasẹ̀ Kafka, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ti sátẹ́láìtì Swift kò ṣòro: àṣìṣe ibi tí BAT, ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń kọ́kọ́ rí ìbúgbàù, ń tọ́ka sí kò ju arcminute (ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì) mélòó kan lọ, XRT, tẹlisíkóòpù X-ray rẹ̀, á sì dín in kù sí arcsecond (ìdá kan nínú ọgọ́ta arcminute) díẹ̀. Ọ̀dọ̀ Fermi ni wàhálà wà. GBM, ẹ̀rọ Fermi tó ń wá ìbúgbàù, kì í ya àwòrán; iye ìtànṣán tó kan àwọn ẹ̀rọ NaI 12 rẹ̀ tó ń mọ ìtànṣán gámà ló ń fi wéra, nítorí náà àṣìṣe rẹ̀ lè tó dígírì mélòó kan, pàápàá bí ìbúgbàù náà kò bá lágbára. Ibi tí ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ tọ́ka sí tún máa ń yí padà nígbà tí ìṣirò orí ilẹ̀ bá dé.

Ṣé ká dúró de máàpù HEALPix (máàpù ojú ọ̀run tó ń fi hàn bó ṣe ṣeé ṣe tó pé ìbúgbàù wà níbì kọ̀ọ̀kan), ká wá máa ya ibi tó ṣeé ṣe jù lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún kì í dúró deni. Àbí ká fi Fermi sílẹ̀, àfi bí Swift tàbí Einstein Probe, sátẹ́láìtì X-ray ti Ṣáínà, bá rí i pẹ̀lú? Báwo ni àṣìṣe ṣe gbọ́dọ̀ kéré tó kí ẹ tó yí tẹlisíkóòpù tiyín?