Mo gbé fayolín sílẹ̀, mo mú búrọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ bí ẹ ṣe ti inú iṣẹ́ mìíràn bọ́ sídìí àwòrán yíyà, ẹ ṣeun. Tèmi rèé.

Fayolín ni mo fi ń jẹun tẹ́lẹ̀, nínú ẹgbẹ́ olórin ńlá kan. Ọrùn ọwọ́ òsì ló kọ iṣẹ́ fún mi. Dókítà ní kí n sinmi, inú ìsinmi yẹn ni mo ti ń fi ọ̀dà elépo yàwòrán ṣeré, títí eré fi di iṣẹ́.

Àwọn èèyàn máa ń ní orin àti àwọ̀, ọ̀kan náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ lára tèmi o! Ohùn tí o bá ti ta lórí fayolín ti lọ nìyẹn, ì báà dáa, ì báà burú. Ọ̀dà kì í lọ. Òróró linseed (òróró hóró ọ̀gbọ̀) tó wà nínú rẹ̀ kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ ló ń gbà sára títí tó fi máa le, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan. Àyè àtitún un ṣe pọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà: bí o bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì rà á ṣáá, gbogbo àwọ̀ á di ẹrẹ̀.

Ohun tí orin fún mi ni àkókò. Nígbà tí Monet, ayàwòrán ará Faransé, ń ya kàtídírà, ìyẹn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, ìlú Rouen ní 1892 àti 1893, kánfáàsì púpọ̀ ló ń tò sílẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti yí, á bọ́ sórí òmíràn. Àwòrán tó tibẹ̀ jáde lé ní 30. Ẹni tó ti bá ẹgbẹ́ olórin ṣiṣẹ́ á mọ̀ ọ́n lára: bí olùdarí bá ti gbé ọ̀pá sókè, o ò lè ní kó dúró ná.

Ẹ wo òjìji. Mi ò kì í fi dúdú sí i. Ultramarine, ìyẹn búlúù tó jinlẹ̀, àti burnt sienna, ìyẹn àwọ̀ ilẹ̀ pupa, ni mo máa ń pò pọ̀. Bí ultramarine bá pọ̀ jù, òjìji á tutù. Bí sienna bá pọ̀, á gbóná. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa ń fi í lélẹ̀, mo gbé ọwọ́ kúrò. Níbi ìdákẹ́jẹ́ àárín orin ni mo ti kọ́ ìyẹn.

—

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pẹ̀lú yín lórí àkókò, àmọ́ pé orin àti àwọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, rárá. Akọrin lèmi, mo sì ń yàwòrán. Renoir, ayàwòrán ará Faransé, pàápàá kọrin lọ́mọdé nínú ẹgbẹ́ akọrin tí Gounod, tó máa ń kọ orin sílẹ̀, ń darí, kó tó lọ máa kun tánganran. Bí mo bá gbé àwọ̀ ọsàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ búlúù, tí méjèèjì tàn sí i, ohùn méjì tó bára mu ni mo ń gbọ́. Ìdánìkanwà ìdí àwòrán ló ń pa mí. Ṣé ẹ máa ń fi orin sí i tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́?

—

Àbúrò, n kì í fi sí i. Bí orin bá ti ń dún, ọwọ́ mi á máa tẹ̀lé e, á gbàgbé ohun tí ojú ń rí. Ní ti ìdánìkanwà, wá ẹnì kan tí ẹ ó jọ máa yàwòrán níta. Ẹ má bára yín sọ̀rọ̀ títí oòrùn á fi yí.