Báwo la ṣe lè gba àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ yọ̀ǹda ara wọn, kí wíwá wọn sì ṣe wá láǹfààní?

Ìyá Ilé-Ìkàwé, Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń bójú tó àjọ aláàánú kékeré kan ní àdúgbò Bẹẹrẹ, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìwé kíkà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde ilé-ìwé. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan kọ lẹ́tà sí wa pé àwọn fẹ́ rán ogójì òṣìṣẹ́ wá ràn wá lọ́wọ́ ní ọjọ́ Sátidé kan. Inú mi ìbá dùn, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá ṣì wà lọ́kàn mi. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló rán ọgbọ̀n èèyàn wá láti kun ògiri wa. Búrọ́ọ̀ṣì mẹ́fà péré ni wọ́n mú dání, àwọn tó kù sì dúró sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń ya fọ́tò. Àwa la háyà àga, àwa la ra omi, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àwọn ọmọ kò sì fi kàwé nítorí ìpalẹ̀mọ́. Òrùlé wa ń jò, omi sì ti mu ògiri náà dé ìsàlẹ̀. A sọ fún wọn, wọ́n ní ọ̀dà ni àwọn ti rà. Kò tó oṣù méjì tí ọ̀dà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. N kò fẹ́ lé àwọn tuntun yìí, nítorí mo gbà pé inú rere ni wọ́n fi ń bọ̀. Èsì wo ni kí n fún wọn?

Alábòójútó, Yábàá
Ẹ kú làálàá, Mà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣètò irú iṣẹ́ yìí fún àjọ kan l'Ékòó, mo sì rí i pé àwa fúnra wa la máa ń jẹ́ kí ó bàjẹ́, nítorí a máa ń jẹ́ kí àlejò yan iṣẹ́ tí yóò ṣe nílé wa. Ẹ wo bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń bẹ ọ̀wẹ̀. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló mọ ibi tí wọn yóò ro; kí wọ́n tó dé, ó ti mọ iye ọwọ́ tí iṣẹ́ náà gbà, ó sì ti wá oúnjẹ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lọ sí ọ̀wẹ̀ tó ń sọ fún olóko pé koríko etí ọ̀nà, tí àwọn èrò ń rí, nìkan ni òun máa ro. Ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹ nílò sílẹ̀, ẹ kọ iye èèyàn tó tó o. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ kọ mẹ́jọ.

Ti oúnjẹ nìkan ni tiwa fi yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀, nítorí àjọ kékeré kò lówó tí yóò fi gba àlejò. Ẹ ṣírò owó omi, àga, irinṣẹ́, àti owó òṣìṣẹ́ yín tí yóò wá lọ́jọ́ Sátidé náà, kí ẹ sì fi í sínú lẹ́tà tí ẹ máa fi dá wọn lóhùn. Ẹ má ṣe tijú rárá. Junior Achievement Nigeria, àjọ tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nípa owó àti òwò, tó ti wà láti ọdún 1999, máa ń mú òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wọ kíláàsì, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí àjọ náà fúnra rẹ̀ ti ṣètò ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ.

Òṣìṣẹ́ Ọ́fíìsì, Ìkẹjà
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn gbọ́dọ̀ jábọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ nípa iye òṣìṣẹ́ tó jáde àti iye wákàtí tí wọ́n lò, ìdí nìyí tó fi ń sọ ogójì. Bí ẹ bá fún un ní ọ̀nà mìíràn tí wákàtí náà yóò fi pé, yóò gbà. Ẹ béèrè oníṣirò owó. Àjọ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti àjọ sílẹ̀, lábẹ́ CAMA, òfin ilé-iṣẹ́ àti àjọ ti ọdún 2020, gbọ́dọ̀ máa fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, iṣẹ́ náà sì ń ba ọ̀pọ̀ àjọ kékeré lẹ́rù. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣirò wa lọ sí irú àjọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan. Inú agolo mílíìkì ni ó bá gbogbo rìsíìtì wọn, òmíràn ti ṣá débi pé kò ṣeé kà mọ́. Wákàtí méjì ló ń lò níbẹ̀ lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kó tó di pé obìnrin tó dá àjọ náà sílẹ̀ mọ iye tó ti ná lára owó oṣù tirẹ̀.

Olùkọ́ Àgbà, Abẹ́òkúta
Mà, ẹ rántí àwọn ọmọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àlejò dá wà pẹ̀lú ọmọ kankan, kí ẹ sì gba àṣẹ òbí kí ẹnikẹ́ni tó ya fọ́tò wọn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 dáàbò bo àṣírí ọmọ. Bákan náà, ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà máa ń tijú lójú àlejò. Èèyàn mẹ́jọ tó ń padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí tí sáà ẹ̀kọ́ yóò fi parí ni kí ẹ gbà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè mọ ojú ẹni tó ń kàwé fún.

Ìyá Ilé-Ìkàwé, Ìbàdàn
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti kọ lẹ́tà náà: èèyàn mẹ́jọ fún sáà ẹ̀kọ́ kan, oníṣirò owó kan, àti àtúnṣe òrùlé kí ẹnikẹ́ni tó tún fi ọwọ́ kan ọ̀dà. Wọ́n fèsì láàárọ̀ yìí, wọ́n ń béèrè iye páànù tí yóò gbà. Káfíńtà ti wà lórí àkàbà báyìí, ó ń wọn òrùlé náà.